Ìbọn Aláwò

Ọmọbìnrin tó ta ìbọn fún mi ní Jahi kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ó kun èékánná rẹ̀ ní pupa, ó sì mọ̀ nípa ìbọn ju gbogbo ọdẹ tí mo bá rìn rí lọ. Hadassah ni wọ́n ń pè é. Èkìtì ni bàbá àti ìyá rẹ̀ ti wá, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni àwọn méjèèjì, àmọ́ Garki ni wọ́n bí òun sí, Yorùbá ẹnu rẹ̀ sì ń yọ̀ bíi kílọ́ọ̀ṣì ọkọ̀ tó ti jẹ tán.

"Ẹ káàárọ̀ sà," ó ní. "Bàbá, kí lo fẹ́ máa pa?"

Mo wò ó títí. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ nígbà tó ń kí mi, mo rí i. Ẹni tó kúnlẹ̀ kí àgbà tó tún pè é ní "o", ẹ̀kọ́ ilé ló kù díẹ̀ fún un, kì í ṣe ìwà. Mo dá a lóhùn pé ehoro àti àparò ni, pé bí ọ̀kẹ́rẹ́ bá sì ń wá ikú kiri, mi ò ní fi dù ú.

Ó rẹ́rìn-ín. Mi ò rẹ́rìn-ín. Ohun tó gbé mi dé ibẹ̀ kì í ṣe ohun ẹ̀rín.

Sàkáríyà ni mí, ọmọ Ìsẹ́yìn. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo fi wa ọkọ̀ fún iléeṣẹ́ ìjọba kan ní Abuja kí wọ́n tó ní kí n máa lọ sinmi. Yàrá méjì ni mo ní ní Jikwoyi. Ìyàwó mi ti kú, àwọn ọmọ ń pè lórí fóònù lọ́jọ́ Sunday, wọ́n á ní "Bàbá, ṣé ẹ ti jẹun?" màá ní mo ti jẹun, ó parí. Ọdẹ nìkan ló kù tó ń mú mi jí ní òwúrọ̀. Ọdẹ ọ̀hún náà, mi ò dá a ṣe rí. Èmi àti Akínlabí ni.

Káfíńtà ni Akínlabí, ọmọ Ìsẹ́yìn bíi tèmi. Ẹsẹ̀ òkè kan lójú ọ̀nà Karshi ló ń gbé, ogún ìṣẹ́jú ni lórí ọ̀kadà láti ilé mi. Ojú tirẹ̀ mú, ọwọ́ tèmi kì í gbọ̀n. Òun ló ń rí ẹran, èmi ni mò ń yìnbọn. Ọdún méjìdínlógún la fi ṣe é bẹ́ẹ̀, a ò sì jà rí ju ìjà ẹni tí yóò ru ẹran wálé.

Ní oṣù kìíní ọdún yìí, nínú ọyẹ́, a pínyà lẹ́bàá odò kan ní ìdájí. Òfin wa ni pé bí o bá rí ohun tó mira, tí o ò sì mọ ohun tó jẹ́, kó o súfèé lẹ́ẹ̀mejì kó o tó gbé ìbọn. Bó bá jẹ́ ènìyàn ni, á súfèé padà. Ẹran kì í súfèé. Mo rí ohun kan tó rí pupa rúsúrúsú tó ń mì lábẹ́ igi èmì. Ó ti tó bí ọdún kan tí ojú mi ti ń ṣe bàìbàì, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, torí ìtìjú. Bí mo bá súfèé, Akínlabí á mọ̀ pé mi ò ríran. Mi ò súfèé. Mo gbé ìbọn, mo fà á.

Akínlabí ló bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀ tó ń so bàtà. Àwọn ọta ṣakabùlà fọ́n bí wọ́n ṣe máa ń fọ́n, ọ̀pọ̀ lọ sára igi, ọ̀kan gé etí òsì rẹ̀ bí ìgbà tí eku bá jẹ aṣọ létí. Ó dìde, ó fọwọ́ bo etí, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn dé ìgúnpá rẹ̀. Kò pariwo. Ì bá dáa kó pariwo. Ó wò mí títí, ó ní, "Sàkáríyà, mi ò bá ọ wọgbó mọ́ láéláé." Ó síwájú, mo tẹ̀lé e títí a fi dé títì. Nígbà tí nọ́ọ̀sì bi í léèrè ní ọsibítù, ó ní wáyà ló ha òun létí.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbèrò. Mi ò ní lọ bá a lọ́wọ́ òfo, kí n máa wí pé má bínú, má bínú, bí ọmọdé tó fọ́ àwo. Màá tún ojú mi ṣe. Màá wá ìbọn tí kò ní jẹ́ kí n yìnbọn sí ohun tí mi ò rí. Ọjọ́ tí mo bá ti mọ̀ ọ́n lò tán, màá gbé e lọ síwájú Akínlabí, màá ní kó wò ó, pé mo ti ń ríran, pé kó padà bá mi wọgbó. Kò sí ohun mìíràn tí mo tún ń fẹ́ láyé yìí, mo sì mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Mo lọ rí dókítà, ó fún mi ní gíláàsì. Mo wá ìwé àṣẹ ìbọn lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, mo lọ, mo bọ̀, mo tún lọ, oṣù méje gbáko, títí àwọn tó ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀ fi ń fi Hausa kí mi ní "Bàbá, yauwa, sànnu" kí n tó bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà.

Bí mo ṣe dé iwájú Hadassah nìyẹn.

"Tú-tú lẹ nílò," ó ní, ìyẹn point two-two, ìbọn ọlọ́ta tín-ín-rín. Ó ti rántí "ẹ". Ó kó ọta mẹ́ta sí àtẹ́lẹwọ́ mi, wọn ò ju èso ẹ̀wà lọ. Ó ní gbogbo etí ìdí rẹ̀ yí ká ni ohun tí ń ta iná wà, pé ìbọn kàn máa tẹ̀ ẹ́ létí ni, ó ti lọ nìyẹn. Kò ní ariwo púpọ̀, kì í ba ẹran jẹ́, kì í gbá èèyàn léjìká. "Kì í sì í fọ́n bíi ti shotgun, Bàbá. One bullet, one hole. Tó ò bá rí orí ẹran yẹn dáadáa, má yìn ín, torí o máa miss."

"Tún un sọ," ni mo wí.

"Ewo?"

"Pé kì í fọ́n."

Ó tún un sọ. Ó dùn mọ́ mi létí ju bó ṣe mọ̀ lọ.

Mẹ́ta ló gbé kalẹ̀. Àkọ́kọ́ dúdú, gbogbo ara rẹ̀ rọ́bà, ó ń ki ọta fúnra rẹ̀. Mo ní kó gbé e kúrò. Ìwé tí mo gbà kò gba irú rẹ̀, èmi alára kò sì gba ìbọn tó ń kánjú jù mí lọ. Èkejì kúrú, ó fúyẹ́ bí ọwọ̀. Mo gbé e sójú, ọrùn mi ká bíi ti adìẹ tó ń mumi. Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ràn láti ìgbà tó ti wà lára ògiri, igi gidi ni ìdí rẹ̀, ó sì wúwo tó kí ọwọ́ mọ̀ pé òun gbé nǹkan. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló ń yìn. Bó o bá yìn tán, ìwọ ni wàá fọwọ́ ara rẹ fa irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn kí òmíràn tó wọlé. Ó ń fún èèyàn láàyè láti ronú.

Hadassah ní kí n pa ojú dé. "Gbé e sí èjìká. Don't look. Ó yá, ṣí ojú ẹ." Mo la ojú, ojú mi ti wà láàárín gbùngbùn ibi tó yẹ kó wà. Ó ní ìbọn tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún èèyàn, tirẹ̀ ni. Mo pa ojú dé lẹ́ẹ̀kan sí i, mo tún gbé e. Bákan náà ni. Mo sọ fún un pé bí wọ́n bá ń yan ìyàwó báyìí ni, ọ̀pọ̀ ilé ì bá tòrò. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi di tábìlì mú.

Ọ̀rọ̀ awò orí rẹ̀ la wá fẹ́ẹ̀ bá ara wa jà sí. Èyí tó tóbi jù ni mo fẹ́, ó gùn tó ọmọ odó. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti já a kulẹ̀ rí, kí ló tún kù tó máa wá ju èyí tó tóbi jù? Ó ní rárá. Ó yọ awò náà lọ́tọ̀, kò sí ìbọn nídìí rẹ̀, ó ní kí n fi wo ìta. Mo rí ewé dóńgóyárò kan, mo rí iṣan ara ewé náà, mo rí èèrà tó ń rìn lórí rẹ̀, àmọ́ mi ò mọ igi tí ewé náà wà lórí rẹ̀, inú bí mi. "Ẹ rí i?" ó ní. "Ó ń sún nǹkan mọ́ èèyàn jù. Ehoro á ti lọ kó o tó rí i." Ó wá fún mi ní èyí tó kéré, tí èèyàn lè yí láti ìlọ́po mẹ́ta dé mẹ́sàn-án. Ó ní nínú igbó kí n fi í sí mẹ́ta, kí n lè máa rí ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹran. Ó wọn ìka mẹ́rin sáàárín gíláàsì mi àti awò náà, ó ní àlàfo yẹn ti tó, tú-tú kì í ta padà, kò ní fọ́ mi lójú.

Nígbà tó ń dì í, ó bi mí pé, "Ta ló máa bá yín wò ó, sà? Tẹ́ ẹ bá ń yìn ín láti tún awò rẹ̀ tò, ẹnìkan gbọ́dọ̀ máa sọ ibi tí ọta bà."

Mo ní ẹnìkan wà. Mo pa irọ́ fún ọmọ ọlọ́mọ.

Lẹ́yìn òkè tí ilé Akínlabí wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ibì kan wà tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta tẹ́lẹ̀, wọ́n ti pa á tì. Ẹ má bi mí bóyá mo mọ̀ọ́mọ̀ yan ibẹ̀. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ni. Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé ni mo lọ, ní oṣù kọkànlá, koríko ti ń gbẹ. Mo gbé pákó kan ti ògiri òkúta, mo lẹ bébà mọ́ ọn, mo fẹsẹ̀ wọn àádọ́ta ìṣísẹ̀, mo dùbúlẹ̀.

Iṣẹ́ ẹni méjì ni iṣẹ́ yẹn. Ojú mi kò lè rí ihò tó kéré tó bẹ́ẹ̀ nínú bébà láti òkèèrè, pẹ̀lú awò náà pàápàá. Mo yìn lẹ́ẹ̀mẹta, mo dìde, mo rìn àádọ́ta ìṣísẹ̀, mo wò ó, ó ti lọ sísàlẹ̀. Mo rìn padà, mo yí bọ́tìnnì orí awò díẹ̀, mo dùbúlẹ̀, mo yìn ín, mo dìde. Orúnkún mi ń ké. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹfà, mo yìn tán, mo gbọ́ ohùn ara mi tó ní, "Ibo ló bà?" Kò sí ẹni tó dáhùn. Mo dìde, mo lọ wò ó.

Lẹ́ẹ̀kẹsàn-án, ihò mẹ́ta náà sún mọ́ra débi pé ìdérí ìgò máa bò wọ́n. Mo hó yèè, mo fò sókè. Lẹ́yìn náà ojú tì mí, torí èèyàn kì í dá yọ̀. Mo ká bébà náà sínú àpò, mo ní ọ̀la ni màá gbé e lọ fún Akínlabí. Mo ti ń wí "ọ̀la" láti oṣù kejì.

Mo yọ gbogbo ọta, mo fa irin ẹ̀gbẹ́ ìbọn sẹ́yìn, mo wo inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì pé ó ṣófo, mo sì gun orí òkúta lọ jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀pà tí mo gbé wá. Láti ibẹ̀ ni mo ti rí òrùlé Akínlabí nísàlẹ̀, pẹ̀lú táǹkì omi aláwọ̀ búlúù tí onílé rẹ̀ gbé sórí igi. Ẹnìkan ń rìn nínú ọgbà. Ojú mi kò ká a. Mo gbé ìbọn sí èjìká, mo yí awò náà dé mẹ́sàn-án.

Akínlabí ni. Ó wọ síńgíléètì, ó ti rù, egungun èjìká rẹ̀ ti yọ. Mo rí etí òsì rẹ̀, mo rí ibi tí mo gé. Ó ń fi okùn di mátírẹ́ẹ̀sì. Àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ wà níta, àga wà níta, ìkòkò àti báàfù wà nínú páálí. Ó ń kó lọ. Kò sí ẹni tó ń bá a gbé e. Okùn náà yọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó tún un dì, ó tún yọ. Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Di okùn yẹn dáadáa, ìwọ alágídí yìí. Fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́." Mo ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni pé mo dúró tì í. Láti oṣù mẹ́wàá, mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ báyẹn, inú mi sì dùn, inú mi dùn gan-an ni.

Ó wá yíjú sókè, sí apá ọ̀dọ̀ mi, ó ń nu òógùn. Ìlà méjì tó dábùú ara wọn nínú awò náà bọ́ sí àárín iwájú orí rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó rántí ohun tó wà lọ́wọ́ mi.

Ilé ọdẹ kan náà ló kọ́ èmi àti Akínlabí, òfin kan sì wà níbẹ̀ tó ju gbogbo òfin yòókù lọ. Ọdẹ kì í na ìbọn sí ọdẹ. Èyí tó lọ́ta àti èyí tí kò lọ́ta, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́. Bó bá ṣẹlẹ̀ pẹ́nrẹ́n, kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, o gbọ́dọ̀ lọ síwájú ẹni tó o nà án sí, kó o tẹ́ ìbọn sílẹ̀, kó o kọ ẹnu rẹ̀ sí ara rẹ, kó o sì fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́. Ẹni tí kò bá sọ ọ́, kó má pe ara rẹ̀ ní ọdẹ mọ́.

Mo jókòó sórí òkúta. Kò sí ẹni tó rí mi. Oṣù mẹ́wàá ni mo fi ń wá ìbọn tí màá fi han ọ̀rẹ́ mi pé kò séwu lára mi mọ́, òun gan-an ni mo sì kọ́kọ́ fi ìbọn ọ̀hún wò. Bí mo bá sọ fún un, ó parí láàárín wa. Bí mi ò bá sọ fún un, ó ti ń di ẹrù, ó ń lọ. Mo di ìbọn náà sínú àpò rẹ̀, mo sọ̀ kalẹ̀.

"Akínlabí, o kú iṣẹ́."

Ó gbójú sókè. "Sàkáríyà." Kò ní kí n jókòó.

Mo yọ ìbọn náà, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀, mo kọ ẹnu rẹ̀ sí ẹsẹ̀ mi, mo lóṣòó. "Lónìí, láti orí òkè yẹn, mo na ìbọn yìí sí ọ. Kò sí ọta nínú rẹ̀. Awò rẹ̀ ni mo fi ń wò ọ́. Mo ti sọ."

Ó parí kókó tó ń ta, ó fà á kó le. Ó ní, "Mo ti gbọ́." Bẹ́ẹ̀ ni òfin wí kó wí. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé, "Kí lo ń wò?"

"Ìwọ ni."

"Kí lo wá rí?"

"O ti rù. O ò mọ okùn dì. O ń kó lọ."

"Ìsẹ́yìn. Ọmọ mi ti kọ́ yàrá sí i. Ọkọ̀ máa dé lọ́sàn-án yìí." Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi àtànpàkò ra ìdí ìbọn náà. Káfíńtà ni, kò lè rí igi kó má fọwọ́ kàn án. "Igi rẹ̀ dáa."

Mo wá sọ gbogbo rẹ̀ fún un: gíláàsì, ìwé àṣẹ, oṣù méje, Hadassah, ojú pípadé. Mo yọ bébà náà fún un pé kó wo ihò mẹ́ta. Mo ní mo ṣe é kó lè padà bá mi wọgbó ni.

Ó wo bébà náà, ó dá a padà fún mi. "O lọ bá dókítà," ó ní. "O lọ bá ọlọ́pàá fún oṣù méje. O dé Jahi. Ilé mi ńkọ́?"

"Ìwọ lo ní o ò bá mi..."

"Igbó!" Ìgbà yẹn ló wá pariwo. "Igbó ni mo ní mi ò bá ọ wọ̀! Ta ló ní kó o má wá sílé mi? Ọ̀sẹ̀ méjì ni etí yìí fi wú. Mo ń ní òní ló máa wá. Mo ní ọ̀la. Ìyàwó mi pè láti Ìsẹ́yìn, ó ní Sàkáríyà ńkọ́, mo ní ó wà níbí, ó ń jẹun. Mo purọ́ fún ìyàwó mi, Sàkáríyà. Lẹ́ẹ̀melòó! Kí ni mo fẹ́ fi ìbọn rẹ ṣe?"

Ó dùn mí débi pé mo fẹ́ bínú sí i, mo wá ìbínú náà, mi ò rí i. Mo ní, "Má bínú." Ọ̀rọ̀ tí mo sá fún láti oṣù kìíní, kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

"Mi ò bínú mọ́," ó ní. "Ó ti rẹ̀ mí ni."

Ọkọ̀ dé. Mo bá a gbé mátírẹ́ẹ̀sì, mo bá a gbé àpótí irinṣẹ́, mo tún gbogbo okùn rẹ̀ dì. Ó jókòó sí iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, ó ní kí n máa lọ sílé, pé oòrùn ti mú jù. Mo ní mo gbọ́. Ọkọ̀ náà yí sí apá Nyanya, eruku bò ó.

Mi ò lọ sílé. Mo jókòó sí ẹnu àtẹ̀gùn yàrá rẹ̀ tó ṣófo, ìbọn wà nínú àpò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ẹ̀rún igi ṣì wà nílẹ̀ níbi tó ti máa ń ṣiṣẹ́. Mo gbọ́ ìpè àdúrà ìrọ̀lẹ́ láti mọ́ṣáláṣí, mo ṣe tèmi níbẹ̀, mo tún jókòó. Nígbà tí oòrùn ti ń rọ̀, obìnrin kan tó ń gbé yàrá kejì ti ọjà dé, ó gbé ẹrù sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí mi.

"Bàbá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Mi ò mọ̀ yín o. Láti oṣù kẹta ni mo ti kó síbí, mi ò rí yín rí. Ta lẹ wá kí?"

Mo ní Akínlabí ni mo wá kí.